Eyín Kásẹ́ẹ̀tì Tí N Kò Yọ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, mo ti gbọ́ yín. Ẹ ti bi mí tó ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀rín ni mo sì fi ń dá yín lóhùn, nítorí ìbéèrè tí ẹ̀ ń bi mí kì í ṣe èyí tó yẹ. Ẹ fẹ́ mọ èyí tó ń mówó wọlé. Tèmi mú ìwọ̀nba wọlé: mo fi kọ́ ilé tí ẹ ń fara ti ògiri rẹ̀ yìí, mo fi rán ọmọ mẹ́rin níléèwé, ó parí. Ohun tó yẹ kí ẹ bi mí ni pé, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kí ni n ó lọ fi ẹnu ara mi sọ, ta ni n ó sì lọ sọ ọ́ fún. Ìyẹn ni mo jókòó kọ sílẹ̀ fún yín, kí n tó gbàgbé.

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo ṣe. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Apẹja ni bàbá mi, ó sì wù ú kí n jogún àwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kì í balẹ̀ lórí omi. Bí ọkọ̀ bá ti mì díẹ̀ ni n ó ti máa ké pe ìyá mi. Nígbà tó sú bàbá mi, ó fà mí lé Ọ̀gá Làtí lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gba orin àti wàásù sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti fi kíréètì ẹyin lẹ gbogbo ara ògiri kí ariwo ìta má baà wọlé, atẹ́gùn náà kò sì rọ́nà wọlé mọ́. Bí a bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan níbẹ̀, a ó jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán tí kò rí aṣọ ìnura.

Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Àràárọ̀ ló ń rán mi lọ sí ẹ̀bá ọjà kí n lọ jókòó, kí n di ojú mi, kí n máa gbọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Bí mo bá dé, ìbéèrè ti ń dúró dè mí.

"Àwọn mélòó lo gbọ́?"

"Mẹ́sàn-án ni, sà."

"Èwo ni ọ̀fìnkìn ń dà láàmú nínú wọn?"

Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo tún padà lọ nìyẹn, nínú oòrùn. Mo máa ń sunkún nígbà mìíràn, mo sì máa ń bú u nínú. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Kí oṣù kẹta tó pé, bí ìyá ẹlẹ́ja kan bá kí oníbàárà rẹ̀ káàárọ̀, mo ti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn.

Òfin mẹ́ta ni Ọ̀gá Làtí ní, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ rú wọn. Èkíní ni ohun tó ń pè ní ẹlẹ́rìí: kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo olórin gbọ́dọ̀ kọ orin wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì kan, kí a gbé e sórí pákó. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣe iṣẹ́ gidi, ẹlẹ́rìí yóò sọ bó ṣe rí. Èkejì ni eyín. Ẹ̀yin ò mọ kásẹ́ẹ̀tì dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ike kékeré méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ eyín ọmọ ọwọ́. Bí o bá ti fi kọ́kọ́rọ́ yọ wọ́n, ẹ̀rọ kankan kò ní gbà láti gba ohùn mìíràn lé èyí tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè tẹ bọ́tìnì kó sì pa ohùn ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. "Ẹyin lohùn," ni ọ̀gá mi máa ń wí, á sì fọwọ́ lu ògiri oníkíréètì wa. "Bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó."

Ojú mi rí òfin kẹta. Ní ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo gbàgbé láti yọ eyín kásẹ́ẹ̀tì olórin wákà kan, mo sì fi ọwọ́ ara mi gba ìkéde ìsìnkú lé e lórí. Mo rò pé ọ̀gá mi yóò nà mí. Kò nà mí. Ó ní, "Ẹni tó bá pa ohùn èèyàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sọ fún ẹni náà. Kò ní rán ẹlòmíràn, kò ní kọ lẹ́tà. Dìde." Mo rìn lọ sílé ìyá náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Kò bú mi. Ó wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn rírọra pa yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

N kò ní fi bí mo ṣe gba ìyọ̀ǹda àti bí mo ṣe kó wá sí Ìkòròdú dá yín dúró. Mo gba ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ Ìyá Kúdí, a bímọ. Àwọn aráàdúgbò ń pè mí ní Alhaji bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì dé Mẹ́kà títí dòní. Ẹ̀rọ ń yí padà lọ́wọ́ mi: àwọn ẹ̀rọ ńláńlá lọ, kásẹ́ẹ̀tì wà, CD dé, nígbà tí fóònù alágbèéká sì ti ń wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, èmi náà ra kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn sí i débi pé mo ran ìbora fún un. Ìyá Kúdí ní òun mọ̀ pé ọjọ́ kan ni òun máa ní orogún, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé onígíláàsì ni. Nínú kọ̀ǹpútà, o lè gba ohùn olórin lọ́tọ̀, kó o gba gìtá lọ́tọ̀, bẹ́nì kan bá ṣìṣe, ìwọ̀nba ibi tó ti ṣìṣe ni wàá tún ṣe. Mo wá ń ro ọ̀gá mi bí ẹni tó ń fi àtùpà wá nǹkan lọ́sàn-án.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ mẹ́rin kan wá láti Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin ni wọ́n, Ìdákọ̀ró lorúkọ wọn, wọn ò sì tíì gbé àwo kankan jáde rí. Obìnrin kan ló ń kọrin, Dọlápọ̀, olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Tóbi ló ń ta gìtá, nínú àwọn méjì yòókù, ọ̀kan ń lu dírọ́ọ̀mù, èkejì ń ta gìtá béèsì. Wọ́n ní orin ìyìn ni, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tóbi so gìtá rẹ̀ mọ́ iná kí n lè gbọ́ díẹ̀. Kíréètì ẹyin méjì já bọ́ lára àwọn tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri bíi ti ọ̀gá mi.

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní, "orin ṣọ́ọ̀ṣì nìyí àbí orin ìjà?"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, sà. Ọlọ́run ò dití, àwa náà mọ̀. Inú wa ló kàn ń dùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Dọlápọ̀ tú síkáàfù tó wé mọ́ ọrùn. Gègè ló wà níbẹ̀, ó ti tó ẹyin adìyẹ.

"Alhaji, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ní," ló wí. "Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà ní ó ti súnmọ́ okùn ohùn jù. Wọ́n á gbìyànjú o, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣèlérí pé ohùn mi á rí bó ṣe wà yìí mọ́. Mo fẹ́ kó wà níbì kan kí wọ́n tó gbé mi wọlé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ ra búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ó kọ ẹsẹ orin kan fún mi, láìsí gìtá, láìsí nǹkan kan. Mo di ojú bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Ohùn ọmọ náà mọ́ bí omi àmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù láàárọ̀. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ Jésù ló sì ń kọ, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi, ojú ò sì tì mí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n kọ gbogbo orin méje tí wọ́n gbé wá pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹlẹ́rìí. Tóbi kùn.

"Alhaji, kò sẹ́ni tó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ yẹn."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, wọ́n ń ṣe é."

Orin márùn-ún wọ ojú kìn-ín-ní kásẹ́ẹ̀tì, méjì wọ ojú kejì. A jókòó gbọ́ ọ. Nígbà tó kan èyí tó gbẹ̀yìn, tó jẹ́ orin tí Dọlápọ̀ kọ nígbà tí dókítà sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un, a gbọ́ ọ dé ìdajì. Atukọ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run nínú orin náà: *Bí omi bá ru, má jẹ́ kí n ṣí, di okùn mi mú.* Ó ń kọ ọ́ lọ nínú kásẹ́ẹ̀tì pé "di okùn mi…" ni òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ bo ojú.

"Ó tó, Alhaji. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo gbé e sórí pákó bó ṣe wà, láìdá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. N kò yọ eyín rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o: n kò gbàgbé. Mo rò ó, mo sì sọ fún ara mi pé kọ̀ǹpútà wà, kí ló tún kù tí kásẹ́ẹ̀tì máa jẹ́rìí sí? Ìgbéraga ni.

A fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ó dára gan-an. A parí rẹ̀ ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gbé Dọlápọ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó ku kí a gbé e sínú CD. Mo ní kò sí ìkánjú, kí ó kọ́kọ́ lọ gba ìlera. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Ìyá Kúdí yọjú. Ó fẹ́ràn láti máa gba tàfúsírì, ìyẹn àlàyé Kùránì tí Alfa wa ń ṣe lásìkò ààwẹ̀, sílẹ̀ nínú tépù kékeré rẹ̀, kó lè gbọ́ ọ lẹ́yìn ààwẹ̀.

"Bàbá Kúdí, kásẹ́ẹ̀tì mi ti kún. Ti orí pákó yìí ńkọ́, ṣé mo lè mú un?"

N kò gbójú sókè. "Mú un," mo ní.

Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i, òjò ńlá rọ̀. Mo wà ní mọ́sáláṣí fún ìrun láásárì nígbà tí ààrá sán mọ́ òpó iná tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Òórùn ike tó jó ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá èèyàn mẹ́ta tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni kẹta kàn wò mí bí ẹni pé òkú ni mo gbé wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ rọ́jú. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́."

Ìgbà náà ni mo rántí ẹlẹ́rìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Làtí nínú sàréè rẹ̀, mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo na ọwọ́ sórí pákó. Ibẹ̀ ṣófo.

Mo pariwo mọ́ ìyàwó mi lọ́jọ́ yẹn bí n kò ṣe pariwo rí. Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá rọra ní, "Mo bi yín. Ẹ ní kí n mú un." Òótọ́ ni. A fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú tépù, a jọ gbọ́ ọ. Ibi tí mo ti dá a dúró gan-an ni Ìyá Kúdí ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi tàfúsírì kún ojú kejì dé òpin, ó yí i padà, ó sì fi kún gbogbo ojú kìn-ín-ní. Nínú orin méje, ẹyọ kan àti àbọ̀ ló kù. Ìyá Kúdí jókòó sílẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún. Ó ní, "Mo pa ohùn ọmọ ọlọ́mọ." Mo ní òun kọ́. Kò gbọ́.

Mo mọ òfin kẹta. Lọ́jọ́ kejì, mo wọṣọ láti lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ìyá Kúdí náà ti wọṣọ, tépù wà lábẹ́ apá rẹ̀. Mo ní kó dúró sílé, ó ṣáà ń gbààwẹ̀. Ó ti gun ọ̀kadà.

Ilé ìyá Dọlápọ̀ kò jìnnà sétí ọ̀sà, èéfín ẹja tí ó ń yan wà lára gbogbo nǹkan níbẹ̀. Dọlápọ̀ jókòó lórí ìjókòó gígùn, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi pé. Ìwé kan àti bírò wà lórí itan rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ààrá, kọ̀ǹpútà, eyín tí n kò yọ. Ìyá Kúdí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọmọ mi, èmi ni mo fi ohùn Alfa bo tìrẹ."

"Kì í ṣe òun," mo ní. "Èmi ni mo ní kó mú un."

Ìyá Dọlápọ̀ fa ìyàwó mi dìde. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ó wí, ó ń wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ̀yin náà, Alhaji."

Dọlápọ̀ kò wo ẹnì kankan. Omijé ń já bọ́ sórí ìwé rẹ̀. Mo ń dúró de ilẹ̀kùn tí wọ́n máa rọra pa. Nígbà tó yá, ó mú bírò, ó kọ nǹkan, ó sì yí ìwé náà sí wa: *Ṣé Alfa yẹn tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ?*

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Ó tún kọ: *Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tó ti já.*

Ìyá Kúdí tẹ tépù. Ohùn Dọlápọ̀ jáde, ohùn tó mọ́ yẹn, gìtá Tóbi ń hó lẹ́yìn rẹ̀: *Bí omi bá ru, má jẹ́ kí n ṣí, di okùn mi…* Kásẹ́ẹ̀tì náà ta kẹ̀, Alfa sì gbà á: "Ẹ sún síwájú díẹ̀, àyè ṣì wà níbí."

Dọlápọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò sí ohùn kankan nínú ẹ̀rín náà, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì, ó fọwọ́ mú ọrùn. Ìyá rẹ̀ ní kó rọra, kí ojú abẹ má tú. Ó fa ìwé rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan: *Ẹ má pa ibẹ̀ rẹ́. Ẹ dúró dè mí.*

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Níwájú rẹ̀, mo yọ eyín kásẹ́ẹ̀tì náà méjèèjì.

Ohùn rẹ̀ padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn ni. Ó wálẹ̀, ó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ẹní. Tóbi ní òun lè kọ àwọn orin tó kù kó má baà ni ara rẹ̀ lára. Dọlápọ̀ ní rárá, orin òun ni, òun ló máa kọ ọ́. Mo ti ra kọ̀ǹpútà mìíràn nígbà náà. A tún márùn-ún kọ pẹ̀lú ohùn tuntun, gbogbo wọn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó kùn sí mi. Orin kan tó pé nínú kásẹ́ẹ̀tì, a fi sí i bó ṣe wà. Ti ìdajì yẹn ló gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. N kò sọ ohun tí a ṣe sí i fún Ìyá Kúdí. Láti ọjọ́ Ìbẹ̀ṣẹ̀ yẹn, kò gba tàfúsírì sílẹ̀ mọ́, tépù rẹ̀ wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Ìyẹn ń dùn mí ju gbogbo ohun tí ààrá bàjẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí àwo náà jáde, Dọlápọ̀ gbé àkọ́kọ́ wá sílé wa lọ́sàn-án. Ìyá Kúdí ń ṣa ẹ̀wà nínú pálọ̀. Ó kí i kú oríire, ó sì fẹ́ dìde kó lọ sí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n Dọlápọ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ó sì jókòó tì í. Mo fi CD náà sí i. Orin ìdajì yẹn ni wọ́n fi ṣáájú. Nígbà tó ń súnmọ́ ibẹ̀, mo rí i tí ìyàwó mi di ojú, tó mú etí ìborùn rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ẹgba.

*Bí omi bá ru, má jẹ́ kí n ṣí; di okùn mi…*

"Mú," ni ohùn kan wí, ohùn tó wálẹ̀, tó há, gìtá kò sì dúró. Ó gba orin náà láti ibẹ̀, ó gbé e lọ.

Ìyá Kúdí la ojú. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè. "Ta ló gbà á lẹ́nu rẹ̀?"

Dọlápọ̀ ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èmi náà ni, Màmá."